Kí Ẹ̀jẹ̀ Tó Dà: Ìtàn Ẹ̀dọ̀ Tó Le àti Bí Wọ́n Ṣe Kọ́ Láti Dènà Ẹ̀jẹ̀ Bíbì

[Ọ̀rọ̀ tí àdìmíìnì fi ohùn sọ lálẹ́ Sunday, apá mẹ́rin. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí dátà yín kò gbé ohùn, àti ẹ̀yin tí ariwo ẹ̀rọ ìgépákó kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù.]

   Àdìmíìnì yín ni o, ìyá oní-fóòmù.

Ẹ mọ̀ pé ìtàn ni mo máa ń sọ lálẹ́ Sunday. Ìtàn tòní jẹ mọ́ ara wa gan-an. Lẹ́yìn tí a pàdánù ọ̀kan nínú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa, tó bì ẹ̀jẹ̀ lóru tí kò sì rí òwúrọ̀, méséèjì kún inú gúrúùpù yìí pé májèlé ni. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń tọ́ka sí ẹni tó fún un lóúnjẹ gbẹ̀yìn. Mo pa gbogbo méséèjì yẹn rẹ́. Mo gbọ́ pé inú àwọn kan kò dùn sí mi. Ẹbí olóògbé ti yọ̀ǹda kí n sọ èyí: ó ti lé lọ́dún kan tí dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le. N ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ìtàn ẹ̀jẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀: ibi tó ti ń wá, ohun tí àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú láti ṣe sí i láti nǹkan bí igba ọdún, àti ohun tí wọ́n kọ́ níkẹyìn, pé kí ẹ̀jẹ̀ tó dà gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ọ̀NÀ TÓ DÍ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Ọ̀nà ńlá tó ti Keffi wá, tó gba Mararaba, tó gba Nyanya, tó kọjá lọ́dọ̀ wa níbí lọ sí AYA. Láàárọ̀, gbogbo ọkọ̀ ló fẹ́ gba ibẹ̀ wọ ìlú. Tí ọ̀nà yẹn bá dí, tó di sún kẹrẹ fà kẹrẹ, kí ni àwọn awakọ̀ ń ṣe? Wọ́n á yà bàrá, wọ́n á gba àárín ilé onílé. Ojú ọ̀nà tí a là fún ọ̀kadà, ẹ ó bá tírélà níbẹ̀. Ọ̀nà kékeré yẹn kò lè gbé e. Bó pẹ́ bó yá, gọ́tà á ya, afárá kékeré á wó.

Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ ṣe rí nìyẹn. Oúnjẹ tí a bá jẹ, tó bá ti dà nínú ìfun, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ohun inú rẹ̀ kiri ara. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ìfun kì í lọ tààrà sí ọkàn. Iṣan ńlá kan wà tó ń kó gbogbo rẹ̀ jọ, tó ń gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀ ná. Aṣọ́bodè ni ẹ̀dọ̀. Ó máa yẹ ẹrù wò, ó máa mú ìdọ̀tí kúrò, kó tó jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kọjá.

Tí ohun kan bá wá ń dá ẹ̀dọ̀ lọ́gbẹ́ lọ́dọọdún, ọtí ni o, kòkòrò àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni o, ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀ ni o, ọgbẹ́ yẹn á máa jinná, á máa di àpá. Àpá á gun orí àpá, títí ẹ̀dọ̀ á fi le gbagidi, tí ara rẹ̀ á rí kókó-kókó. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní sìrósíìsì. Ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà gbà kọjá dáadáa mọ́. Ìfúnpá á ga nínú iṣan ńlá yẹn. Ẹ ṣọ́ra o, ìfúnpá yìí yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wọ̀n ní apá wa. Èyí tí wọ́n wọ̀n ní apá lè wà dáadáa, kódà ó lè lọ sílẹ̀, kí ti inú lọ́hùn-ún sì ti ga.

Ẹ̀jẹ̀ á wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà. Èyí tó léwu jù nínú ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn ni àwọn iṣan tín-ín-tìn-tín tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun, níbi tó ti pàdé ikùn. Wọ́n á wú, awọ wọn á sì fẹ́lẹ́. Kì í dun ènìyàn. Ẹni náà á máa jẹun, á máa lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á tú jáde bí omi ẹ̀rọ tí páìpù rẹ̀ bẹ́. Ó lè gba ẹnu jáde. Ó sì lè gba ìsàlẹ̀, kí ìgbẹ́ dúdú kó sì máa dán bí ọ̀dà.

Ẹ ò rí i? Ohun tó fara hàn lóru ọjọ́ kan ti ń bọ̀ láti bí ọdún mẹ́wàá, nígbà mìíràn ogún ọdún. Ọbẹ̀ tí ẹni náà jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

ÀWỌN TÓ KỌ́KỌ́ GBÌYÀNJÚ

Ẹni tó fún àrùn yìí lórúkọ ni dókítà ará Faransé kan, René Laennec. Òun náà ló kọ́kọ́ ṣe ohun èlò tí dókítà fi ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ní 1819, ó kọ̀wé nípa ẹ̀dọ̀ tó le, ó rí i pé àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì fi ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì kan tó jẹ mọ́ àwọ̀ náà pè é. Ẹ kíyè sí i pé lára òkú ni ó ti rí èyí. Wọ́n ti mọ orúkọ rẹ̀, wọn kò tíì mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí i.

Ní 1877, dókítà ológun kan ní Rọ́ṣíà, Nikolai Eck, dán nǹkan wò lára ajá. Ó so iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ìfun lọ sí ẹ̀dọ̀ mọ́ iṣan ńlá mìíràn tó ń lọ sí ọkàn. Ìyẹn ni pé ó la ọ̀nà tuntun tí kò gba ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè kọjá. Lẹ́yìn náà, ní 1893, Ivan Pavlov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún ajá púpọ̀. Wọ́n rí ohun ìyàlẹ́nu kan: tí wọ́n bá fún àwọn ajá yẹn ní ẹran jẹ, orí wọn á dàrú, wọ́n á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, àwọn mìíràn á dákú. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ kò yẹ̀ wò ti gbé ìdọ̀tí lọ sí ọpọlọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ajá yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ní 1939, àwọn dókítà méjì ní Sweden, Crafoord àti Frenckner, ki irin gba ọ̀fun aláìsàn kan, wọ́n sì fún iṣan tó wú náà ní abẹ́rẹ́ kí ó lè dì. Ní 1945, ní New York, Allen Whipple àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú iṣẹ́ abẹ Eck fún ènìyàn. Ní 1950, Sengstaken àti Blakemore, ní New York kan náà, gbé rọ́bà gígùn kan jáde tó ní bàlúù méjì lára. Wọ́n á kì í bọ imú tàbí ẹnu ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, wọ́n á fẹ́ bàlúù náà nínú lọ́hùn-ún kó lè tẹ iṣan tó bẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣì ń lò ó títí di òní nígbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Àmọ́ bí ènìyàn bá fi ọwọ́ dí páìpù tó bẹ́, ṣé ó lè mú ọwọ́ ibẹ̀ títí láé? Wọ́n á tú bàlúù náà, ẹ̀jẹ̀ lè tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ wá rò ó pé, ó dáa, kí ló dé tí a ń dúró de ẹ̀jẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣe iṣẹ́ abẹ Eck fún ẹni tí iṣan rẹ̀ ti wú, kó tó bẹ́. Èrò yẹn dára. Láàárín àwọn ọdún 1960, wọ́n fi ìwádìí dán an wò ní Amẹ́ríkà: wọ́n ṣe é fún àwọn kan, wọn kò ṣe é fún àwọn kan, wọ́n sì ń ka àwọn tó kù láàyè. Ẹ̀jẹ̀ dínkù lóòótọ́ lára àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ṣùgbọ́n wọn kò pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ. Ohun tó ṣe ajá Pavlov ló ń ṣe wọ́n: orí ń dàrú, ẹ̀dọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ sì ń kú lọ. Wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n pàdánù aláìsàn.

OÒGÙN ỌKÀN TÓ DI OÒGÙN Ẹ̀DỌ̀

Ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti wá, ẹnikẹ́ni kò fojú sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, onímọ̀ ará Scotland kan, James Black, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Ìlú Ọba, ṣe oògùn kan tí wọ́n ń pè ní propranolol. Ẹ̀yin tí ìfúnpá yín ga lè mọ̀ ọ́n sí Inderal. Torí àwọn tí àyà ń dùn ni ó ṣe ṣe é: oògùn náà máa ń jẹ́ kí ọkàn sáré díẹ̀díẹ̀, kí iṣẹ́ má pọ̀ jù fún un. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988.

Ní ilé ìwòsàn Beaujon, ní Clichy lẹ́bàá Paris, dókítà kan tó ń jẹ́ Didier Lebrec ń ronú lórí ìfúnpá inú iṣan ẹ̀dọ̀. Èrò rẹ̀ rọrùn. Ẹ padà sí ọ̀nà Nyanya wa. Tí a kò bá lè la ọ̀nà tuntun, tí ọ̀nà ẹ̀bùrú sì fẹ́ ya, kí ló kù? Kí ọkọ̀ tó ń jáde láti Keffi dínkù! Propranolol máa ń dín iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde kù, ó sì máa ń fún àwọn iṣan ìfun pọ̀ díẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ inú iṣan ńlá yẹn má fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ìfúnpá á wálẹ̀. Ní 1980, Lebrec àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ní 1981, wọ́n tẹ ìwádìí tó mì gbogbo ayé ìṣègùn jáde. Aláìsàn 74 ni, gbogbo wọn ti ṣe ẹ̀jẹ̀ rí. Wọ́n fún àwọn kan ní propranolol, wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn òfìfo. Lẹ́yìn ọdún kan, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo propranolol, 96 ni ẹ̀jẹ̀ kò tún dà lára wọn. Nínú àwọn tó lo òfìfo, 50 péré ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń tà tí ẹ ń gbọ́: láìsí bàlúù, láìsí ọ̀bẹ, láìsí òwú ìránṣọ ara, oògùn kékeré tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan dín ẹ̀jẹ̀ kù, torí pé ó bá ìfúnpá fúnra rẹ̀ jà. Ní 1987, ìwádìí mìíràn láti Faransé fi hàn pé kódà ẹni tí iṣan rẹ̀ wú àmọ́ tí kò tíì ṣe ẹ̀jẹ̀ rí, oògùn yìí ń dín ewu rẹ̀ kù. Ibẹ̀ ni ìdènà bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́.

Ọ̀nà kejì wá láti ibi tí yóò pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ mọ jẹ̀díjẹ̀dí tó máa ń yọ síta, tí dókítà máa ń fi rọ́bà kékeré so ní ìdí kí ó lè gbẹ kó sì já? Ní 1986, oníṣẹ́ abẹ kan ní Denver, Amẹ́ríkà, Greg Van Stiegmann, mú ọgbọ́n kan náà lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n á ki ẹ̀rọ tín-ínrín tó ní kámẹ́rà lẹ́nu gba ọ̀fun, wọ́n á fa iṣan tó wú náà, wọ́n á fi òrùka rọ́bà so ó lọ́rùn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, á gbẹ, á já, ojú ibẹ̀ á jinná. Wọ́n á tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, títí gbogbo rẹ̀ á fi tán. Ẹni tó bá ti ṣe ẹ̀jẹ̀ rí, oògùn àti rọ́bà náà pa pọ̀ ni wọ́n máa ń lò fún un.

Láti 1990 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti ń pàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Baveno ni wọ́n ń pe ìpàdé náà, torí ìlú Baveno ní Ítálì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á yẹ ẹ̀rí wò, wọ́n á fẹnu kò. Ní 2019, ìwádìí kan láti Spain jáde, ènìyàn 201, tí ìfúnpá ẹ̀dọ̀ wọn ti ga àmọ́ tí ara wọn ṣì le. Wọ́n fún apá kan ní irú oògùn yìí, propranolol tàbí èyí tó jọ ọ́ tí wọ́n ń pè ní carvedilol. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo òfìfo, 27 ni omi kún ikùn wọn, tàbí wọ́n ṣe ẹ̀jẹ̀, tàbí orí wọn dàrú, tàbí wọ́n kú. Lára àwọn tó lo oògùn, 16 ni. Ìdí nìyẹn tí ìpàdé Baveno ti 2021 fi sọ pé kí dókítà má dúró kí iṣan wú gbàǹgbà kó tó ronú oògùn. Tí ìfúnpá inú yẹn bá ti ga dé ìwọ̀n kan, ó tó àkókò, carvedilol ni wọ́n sì fẹ́ jù.

Ẹ wo bí ìtàn náà ṣe ń rìn. Laennec rí i lára òkú. Sengstaken bá a nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà. Lebrec bá a lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e bá a kí ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ tó dà. Àwọn ti Spain bá a kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í hun aláìsàn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń padà sẹ́yìn lọ síbi orísun. Orísun yẹn gan-an, Nàìjíríà wa wà nínú ìtàn rẹ̀.

TIWA ŃKỌ́?

Ní Yúróòpù, ọtí ló máa ń ba ẹ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ jẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ọtí wà níbẹ̀, àmọ́ kòkòrò hẹpatáítíìsì B ni ọ̀gá. Ẹni tó ṣàwárí rẹ̀ ni Baruch Blumberg, dókítà ará New York. Ní 1957, ó wá sí Nàìjíríà, ó gba ẹ̀jẹ̀ lára oríṣiríṣi ẹ̀yà. Àrùn ẹ̀dọ̀ kọ́ ló ń wá nígbà yẹn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí àrùn kan fi ń mú ẹ̀yà kan tó sì ń fo òmíràn. Irú ẹ̀jẹ̀ tó ń kó kiri ayé bẹ́ẹ̀ ló ṣí ojú rẹ̀. Ó rí nǹkan àjèjì kan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìbílẹ̀ Australia kan, ó kéde rẹ̀ ní 1965, nígbà tó yá wọ́n sì mọ̀ pé ara kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni. Ó gba Nobel ní 1976. Ọjọ́ 28 oṣù July, tí gbogbo ayé fi ń ṣe ọjọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni.

Ní ilé náà, láti 1960 ni UCH Ìbàdàn ti ní ìwé àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ, ọ̀kan lára àwọn tó pẹ́ jù ní Áfíríkà. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ wà lára èyí tó pọ̀ jù tí wọ́n rí lára ọkùnrin. Ilé kan náà ni jẹjẹrẹ yẹn àti ẹ̀dọ̀ líle ti ń jáde.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1981. Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ tuntun ní 1984, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì dínkù láàárín àwọn ọmọ wọn. Gambia, ìlú aláwọ̀ dúdú bí tiwa, bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Ní 1992, àjọ ìlera àgbáyé ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè fi kún abẹ́rẹ́ ọmọdé. Ní Nàìjíríà, 2004 ni ó wọ inú abẹ́rẹ́ ọmọdé tí ìjọba ń fúnni. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí wọ́n bí ṣáájú 2004, àfi tí ó bá fúnra rẹ̀ lọ gbà á, kò gbà á. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwa tí a wà nínú gúrúùpù yìí. Ìwádìí ńlá tí ìjọba ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà, bíi 8 ló ní kòkòrò yìí lára. Tí a bá kó igba ènìyàn jọ ní ọjà wa, á tó ẹni mẹ́rìndínlógún. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ẹ FI RÁNṢẸ́

Ẹnì kan béèrè pé, "Àǹtí, ṣé n lè lọ ra propranolol ní kẹ́mísìtì kí n máa lò ó?" Rárá o. Ẹni tó ní ásímà, oògùn yẹn lè sé èémí mọ́ ọn lára. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí tí ìfúnpá apá rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, ó lè dá a kú. Dókítà ló ń wọ̀n ọ́n, tó ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá sì ti ń lò ó, kó má dédé dá a dúró torí pé ara rẹ̀ yá. Ara yá torí pé oògùn ń ṣiṣẹ́.

Ẹlòmíràn béèrè nípa oògùn ìrora. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àga nìyí, mo mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń dùn yín. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan diclofenac, ibuprofen, Feldene, aspirin. Wọ́n máa ń bó ara ikùn, wọ́n máa ń ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dà. Alabukun tí Jacob Odulate gbé jáde ní Abẹ́òkúta láti nǹkan bí 1918, aspirin wà nínú rẹ̀. Bàbá ńlá oníṣòwò ni Odulate, mo bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ ìyẹ̀fun yẹn kò bá ẹ̀dọ̀ tó le mu. Ẹ bi dókítà léèrè èyí tí ẹ lè lò àti ìwọ̀n rẹ̀. Kí n tó gbàgbé: paraga, ògógóró, bitters tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀, ọtí ni gbogbo wọn. Ẹ̀dọ̀ tó le kò ní ọtí kékeré.

Ẹnì kẹta béèrè pé ṣé a ó yẹra fún ẹni tó ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn jẹun. Kì í ran ènìyàn nípa àwo tàbí ife. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀, àti láti ara ìyá sí ọmọ nígbà ìbí ni ó ń gbà. Torí náà abẹ tí wọ́n fi fárí ẹlòmíràn, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò, irin ìgé-èékánná tí wọn kò sè, ìyẹn ni kí ẹ sá fún. Ẹ̀yin aláboyún, ẹ ní kí wọ́n fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé tí ẹ bí i.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn: tí ẹnì kan bá ti bì ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ẹ má da epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ má fún un ní mílíìkì. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn nítorí májèlé, àmọ́ epo lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má sé e léèémí. Ẹ wá ọkọ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé, "ẹ̀dọ̀ ni" tí ẹ bá mọ̀. Omi ara wà, ẹ̀jẹ̀ wà, oògùn tó ń fún iṣan pọ̀ wà, oògùn tó ń dènà kòkòrò wà, rọ́bà wà. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, kódà níbi tí ìtọ́jú ti dára, bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀yin náà ẹ ro iye tó máa jẹ́ tí a bá fi wákàtí mẹ́ta wá ẹni tó fún un ní májèlé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò pọ̀. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún hẹpatáítíìsì B àti C. Bí B kò bá sí lára yín, ẹ gba abẹ́rẹ́. Bí ó bá wà, oògùn wà tó ń mú kòkòrò náà dákẹ́, ẹ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ sì ti rọ̀ padà. C ní oògùn tó ń lé e lọ pátápátá láàárín oṣù mélòó kan. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ ní gbólóhùn kan péré: "Dókítà, ṣé iṣan ọ̀fun mi ti wú, ṣé mo nílò oògùn tó ń dènà ẹ̀jẹ̀?" Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín kí ẹ má gbàgbé rẹ̀. Tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tí ojú bá pọ́n bí ẹyin, tí ikùn bá ń wú tí ẹsẹ̀ náà ń wú, ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà.

Àwọn àbúrò wa tó fẹ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ Wednesday, ẹ fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kí a lè jọ wọ ọkọ̀ kan. Èsì ẹnikẹ́ni kò ní dé inú gúrúùpù yìí. Ẹ kú alẹ́ o. Ọjà á tà.